Àmì Omi Lára Ògiri

Bí a bá fẹ́ sọ ìtàn Ìṣẹ̀rí-Olófin, ọ̀rọ̀ omi ni a óò kọ́kọ́ sọ. Àwọn Àwórì gbà pé nígbà tí Ọlófin Ògúnfúnminírè ń ti Ilé-Ifẹ̀ bọ̀, ó gbé àwo kan lé ojú odò, ó sì ń tẹ̀ lé e lọ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, nítorí pé ibi tí àwo náà bá rì sí ni wọn yóò tẹ̀dó sí. Orúkọ Ìṣẹ̀rí wà lára àwọn ibi tí ìtàn náà ti dúró sinmi, kí àwo tó wá rì pátápátá ní agbègbè Ìdúmọ̀tà ní Èkó. “Àwo ti rì,” ni wọ́n wí, láti ibẹ̀ ni a sì ti rí orúkọ Àwórì. Yálà ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, n kò ní bá àgbà jiyàn lórí rẹ̀. Ohun kan ni mo ṣàkíyèsí nínú ìtàn náà: àwọn baba wọ̀nyí bi omi léèrè kí wọ́n tó kọ́ ilé.

Lónìí ńkọ́? Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí iye rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkànìyàn náà. Láti ìgbà náà, ilé ń bí ilé. Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ̀rí kọjá ní Ìgàndò, tí ó yà sí Ìdímù, tàbí tí ó gba Ẹgbẹ́dá lọ sí Ìkòtún, yóò rí i pé etí òrùlé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí èkejì. Níbi tí àbàtà wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti da yanrìn sí i. Níbi tí omi ń gbà kọjá, wọ́n ti mọ ògiri dí i. A lè lé omi fún ọdún mẹ́wàá. Bí òjò ńlá bá rọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, yóò padà wá wo ilé rẹ̀ àtijọ́, yóò sì bá wa níbẹ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́: Ìṣẹ̀rí mìíràn wà ní etí odò Ògùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí omi máa ń yọ wọ̀lú nígbà tí odò náà bá kún tàbí nígbà tí wọ́n bá ṣí ìsédò Ọ̀yán. Ti Alímọ̀ṣọ́ ni mo ń sọ, àgbàrá òjò ni ọ̀rọ̀ mi sì dá lé.)

Bí omi bá ya wọ ilé ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ óò rí ohun tí onílé náà yóò ṣe kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó dé. Yóò pe bíríkìlà, yóò mọ ìdènà kúkúrú sí ẹnu ọ̀nà. Yóò gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lé orí pèpéle. Bí owó bá wà, yóò tilẹ̀ gbé ilẹ̀ pálọ̀ sókè. Ó ti sùn lórí tábìlì lóru ọjọ́ kan, kò sì fẹ́ sùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò wí pé òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Òwe yìí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀ fún wa. Bí ilé bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ńkọ́? Ilé-ìwé ìjọba, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kóòtù ìbílẹ̀, ilé ìkàwé, ibi tí a ti ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, ta ni onílé níbẹ̀ tí kò ní gbà? Ọ̀gá ilé-ìwé wà níbẹ̀ lónìí, wọ́n lè gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Badagry lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ni ti nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni ti adájọ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé pàápàá, ọdún mẹ́fà ni ẹ óò lò, ẹ óò sì jáde. Kò sí ẹni tí ó sùn lórí tábìlì níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí omi bá tún padà dé, àwọn ènìyàn tuntun ni ó máa ń bá nínú ilé àtijọ́.

Mo ti ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé kan ní agbègbè yìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Yàrá ìkàwé mẹ́fà àti ọ́fíìsì kan ni ó wà nínú ilé gbọọrọ kan tí ó wà ní apá ibi tí ọgbà náà ti dagẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, òjò rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí. Nígbà tí a dé ní òwúrọ̀, omi ti fà, ẹrẹ̀ ni ó kù. Lára ògiri gbogbo yàrá, a rí ìlà kan tí ó ní àwọ̀ ẹrẹ̀. Ó tẹ́jú bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á, ó sì dé ìwọ̀n orúnkún àgbàlagbà. Àga àti tábìlì kò fún wa ní wàhálà púpọ̀: a fọ̀ wọ́n, a sá wọn. Ọ́fíìsì ni ọ̀ràn wà. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù onípákó kan, ní abala ìsàlẹ̀ pátápátá, ni wọ́n kó ìwé orúkọ àti ìwé èsì ìdánwò ọdún pípẹ́ sí, nítorí pé wọ́n wúwo, ohun tí ó bá sì wúwo ni ènìyàn máa ń gbé sí ìsàlẹ̀. Àwọn ìwé náà mu omi, wọ́n wú, títí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kò fi ṣeé ṣí mọ́. Káfíńtà ni ó bá wa já a. Akọ̀wé ilé-ìwé náà, obìnrin kan tí ó ti ń tọ́jú ìwé wọ̀nyí kí n tó dé ibẹ̀, fi ọjọ́ mẹ́rin sá wọn sórí koríko. Ó ń ṣí wọn ní ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ̀ wọ́n kí atẹ́gùn má baà gbé wọn lọ, bí òjò bá sì ṣú, yóò sáré kó wọn wọlé. Ṣùgbọ́n yíǹkì ti ṣàn. Púpọ̀ nínú àwọn ojú-ìwé náà ti di aṣọ àdìrẹ.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan wá béèrè ìwé ẹ̀rí pé òun kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé náà. Iṣẹ́ ni ó fẹ́ fi í wá. Ó mọ orúkọ àwọn olùkọ́ rẹ̀, ó mọ kíláàsì tí ó jókòó sí, ó tilẹ̀ kọ orin ilé-ìwé náà fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú-ìwé tí orúkọ rẹ̀ yẹ kí ó wà ti di àdìrẹ. Ó dúró pẹ́ ní ẹnu ọ̀nà kí ó tó lọ.

Kí ọdún náà tó parí, agbaṣẹ́ṣe kan dé pẹ̀lú ọ̀dà. Wọ́n rẹ́ ibi tí ó ti ṣí, wọ́n kun gbogbo ògiri, ilé náà ń dán. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Wọ́n ra kọ́bọ́ọ̀dù tuntun, wọ́n gbé e sí ibi tí ti àtijọ́ wà, wọ́n sì kó ìwé tí ó kù sí abala ìsàlẹ̀, nítorí pé wọ́n wúwo. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwé mìíràn; láti ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé omi tún ti wọ ilé náà. Ní tèmi, ọ̀dà yẹn ni ó ṣe ibi ju ẹrẹ̀ lọ. Ẹrẹ̀ sọ òtítọ́ fún wa, ó fi ọwọ́ sàmì sí ibi tí omi dé. Ọ̀dà ni ó bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ilé-ìwé kékeré nìkan ni irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo apá púpọ̀ ní Ìbàdàn, ó sì gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ọdún 31 lẹ́yìn náà ó dín ọjọ́ márùn-ún, omi tún dé sí Ìbàdàn. Ènìyàn tí ó lé ní 100 kú, afárá wó, omi ya wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ó gbá ẹja inú ọgbà ẹja wọn lọ, ó sì pa ẹranko nínú ọgbà ẹranko wọn. Ní ọdún 2014 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí yíyá 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò ìdènà omíyalé ní ìlú náà. Ní Maiduguri, omi ìsédò Alau ya wọ ìlú ní ọdún 1994. Ìsédò náà tún ya ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, omi sì wọ ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ìlú náà, ó wọ ààfin Shehu, ó wó ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ kíyè sí ọdún wọ̀nyí: ọdún 31 níhìn-ín, ọgbọ̀n ọdún lọ́hùn-ún. Ó tó àkókò kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó fi ojú rí omi àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì tán.

Àwọn ará abúlé Aneyoshi ní ilẹ̀ Japan rí ọgbọ́n dá sí i. Lẹ́yìn tí ìgbì òkun pa púpọ̀ nínú wọn ní ọdún 1933, wọ́n gbé òkúta kan ró sí ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́ ilé sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, ìgbì mìíràn dé, ó run ọ̀pọ̀ ìlú ní etíkun náà; ó gun òkè Aneyoshi títí, kò dé ibi òkúta, àwọn ilé tí ó wà lókè rẹ̀ sì dúró láìfarapa. Àwọn tí ó gbé òkúta náà ró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán nígbà náà. Òkúta ni ó bá wọn rántí.

Kò pọn dandan kí tiwa jẹ́ òkúta. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé búrọ́ọ̀ṣì wọ ilé ìjọba tí omi ti ya wọ̀, kí a wọn gíga ìlà ẹrẹ̀ náà láti ilẹ̀, kí a kan irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ibẹ̀, kí a kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sí i. Lẹ́yìn náà, kí a kun ògiri bí ó bá ti wù wá, ṣùgbọ́n kí ọ̀dà má ṣe kan irin yẹn. Nígbà tí ọ̀gá kan bá sì ń fa ilé-ìwé lé ọ̀gá mìíràn lọ́wọ́, kí ó mú un lọ sí ìdí irin náà kí ó tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí ó bá ti rí i ti di onílé nìyẹn.

Ẹ lè bi mí pé níbo ni omi tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti ń wá, nígbà tí kò sí odò ńlá nítòsí. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, òjò tí ó tó nǹkan bíi mílímítà 233 rọ̀ sí Èkó ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Mílímítà òjò kan, bí ó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó, lítà omi kan ni. Òrùlé ilé-ìwé tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 30, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 8, yóò gba lítà 55,920 nínú irú òjò bẹ́ẹ̀, èyí tí yóò kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí ó lé ní 2,200. Òrùlé kan nìyẹn o! Bí a bá wá fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ gbogbo ọgbà náà láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn ilé, tí ọ̀rá omi sì ti dí gọ́tà, níbo ni kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyí yóò ya sí bí kò ṣe inú kíláàsì? Mo mọ̀ pé àwọn òbí fẹ́ràn ọgbà tí a tẹ́ ní sìmẹ́ǹtì nítorí pé ó mọ́ lójú. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Koríko àti igi a máa mu omi, táńkì tí a gbé sí abẹ́ ojú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé a máa gba díẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ tí omi bá wọ́n, gọ́tà tí a gbá mọ́ kí oṣù Kẹrin tó dé yóò sì gbé ìyókù lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa omi: ó wúwo. Omi tí ó kún àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan tó tọ́ọ̀nù kan. Ìdí nìyí tí ògiri ọgbà fi máa ń wó lu ènìyàn ní ìgbà òjò, nítorí pé omi gbá jọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kan, kò sì sí ohun tí ó tì í padà láti ẹ̀yìn kejì. Bíríkìlà tí ó gbọ́n a máa fi ihò sílẹ̀ ní ìdí ògiri kí omi lè ráyè kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ inú ilé rí. Bí ìlà ẹrẹ̀ kò bá ju orúnkún lọ, a lè dá omi dúró síta: a lè gbé ilẹ̀ sókè, a lè fi pákó dí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ìlà náà bá dé àyà, kí a má ṣe bá a jà, nítorí pé ògiri tí a fi dá a dúró lè wó. Kí a jẹ́ kí ó wọlé, kí a sì ti tún ilé náà ṣe bí ilé ẹni tí ń retí àlejò.

Irú ilé bẹ́ẹ̀, sìmẹ́ǹtì ni a fi ń rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀, kì í ṣe POP tí ń yọ́ bí iyọ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣe pílíwúùdù, nítorí pé pílíwúùdù a máa wú, a sì máa bó bí àlùbọ́sà. Súwíìṣì rẹ̀ wà lókè ìlà, wáyà iná sì ń ti òkè àjà sọ̀kalẹ̀ wá dípò kí ó ti ilẹ̀ gòkè. Ní ilé ìwòsàn, fíríìjì tí oògùn àjẹsára wà nínú rẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ tí ń fún un ní iná gbọ́dọ̀ wà lórí pèpéle tí ó ga ju ìlà lọ. Kí a gbé ẹnu kànga náà ga, nítorí pé omíyalé a máa gba inú ṣáláńgá kọjá kí ó tó dé inú kànga, àrùn onígbáméjì a sì máa tẹ̀ lé e. Àwọn baba wa tí ó gbé inú ilé alámọ̀ mọ̀ nínú ọgbọ́n yìí. Wọ́n a ṣe pèpéle yí ìdí ògiri ká, wọ́n a jẹ́ kí òrùlé yọ síta jìnnà, orí àjà ni wọ́n a sì kó ohun tí wọn kò fẹ́ kí ó bàjẹ́ sí.

Orí àjà náà ni ó yẹ ìwé ilé-ìwé. Bí wọ́n tilẹ̀ wúwo, kí wọ́n kúrò ní ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Kí a sì ya àwòrán wọn sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀dà kan wà ní ilé mìíràn tí ó jìnnà sí ibẹ̀. Ògiri tí ó wó, a óò tún un mọ. Orúkọ ọkùnrin tí ó kọ orin fún wa lọ́jọ́ náà, ta ni yóò tún un kọ?

Àwọn kan yóò wí pé kí a kúkú kọ́ ilé-ìwé tí omi kò lè wọ̀ rárá. Ní Ganvié, lórí adágún Nokoué ní ilẹ̀ Benin, orí òpó ni ilé wà, ilé-ìwé pẹ̀lú. Ní Makoko ní Èkó, Kúnlé Adéyẹmí, ayàwòrán ilé, ṣe ètò ilé-ìwé kan tí ó léfòó lórí ọ̀sà, tí wọ́n parí ní ọdún 2013. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ, àgbá oníke tí ó lé ní 250 ni ó sì gbé e ró. Gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2016, òjò líle wó o. Àwọn ọmọ ti kúrò níbẹ̀ ṣáájú, kò sì pa ẹnikẹ́ni. N kò sí lára àwọn tí ó fi ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́. Òpó ilé Ganvié náà a máa jẹrà nínú omi, ṣùgbọ́n onílé a máa pààrọ̀ èyí tí ó bá jẹrà. Ibi tí a bá fẹ́ kọ́ ilé sí, àti ohun yòówù tí a bá fi kọ́ ọ, a óò tún bá ìbéèrè kan náà pàdé: ta ni yóò pààrọ̀ òpó?

Ìdí mìíràn wà tí ilé ìjọba fi gbọ́dọ̀ lágbára ju ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ. Nígbà tí omi bá lé ènìyàn kúrò nílé, ilé-ìwé ni wọ́n ń sá lọ. Ní ọdún 2022, nígbà tí omi gba ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ènìyàn tí ó lé ní 600 kú, tí àwọn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan sì fi ilé wọn sílẹ̀, inú kíláàsì ni púpọ̀ nínú wọn ti rí ibi sùn. Òjò tí ó rọ̀ ni ó kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Àwọn ará Bangladesh ti kọ́ èyí nínú ìbànújẹ́ ńlá, nítorí pé ìjì òkun kan ṣoṣo ní oṣù Kọkànlá ọdún 1970 pa ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ènìyàn wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ ilé-ìwé sórí òpó kọnkéré ní etíkun. Ní ọjọ́ gbogbo, àwọn ọmọ ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ ìjì, gbogbo abúlé á gòkè lọ, òmíràn tilẹ̀ ní ọ̀nà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tí màlúù lè gbà gòkè.

Ìjì bẹ́ẹ̀ kì í jà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ṣùgbọ́n kí ẹ fi ojú inú wo irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò ti máa tò ní òwúrọ̀, wọn yóò sì máa ṣeré níbẹ̀ ní ọ̀sán, oòrùn kò ní pa wọ́n. Nígbà òjò, omi ni yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ibi tí ó ń lọ, akọ̀wé yóò sì wà lókè pẹ̀lú àwọn ìwé rẹ̀.